Fífi LED rọ́pò iná halogen nínú balùwẹ̀: ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò lókè àjà kí ẹ tó lọ sọ́jà

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ tàbí tí wọ́n tún ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 1990 títí di 2010, iná balùwẹ̀ kì í ṣe gílóòbù kan ṣoṣo tí wọ́n gbé kọ́ sí àárín àjà, bí kò ṣe àwọn iná kéékèèké mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ tí wọ́n rì mọ́ inú àjà, tó jẹ́ pé ojú wọn nìkan ló yọ síta. Wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n sì dára lójú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ halogen, irú gílóòbù kan tó ń gbóná gan-an, ó ṣeé ṣe kí balùwẹ̀ tí kò fẹ̀ tó ìdajì pálọ̀ máa jẹ iná ju pálọ̀ àti gbogbo yàrá ilé náà lọ lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London, Manchester àti Birmingham ló ti gbọ́ pé LED, irú gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀, ni ọ̀nà àbáyọ, tí wọ́n sì ti ra á wálé, àmọ́ tí èyí tí wọ́n rà kò wọ ihò, tàbí tó wọ̀ ṣùgbọ́n tí ó ń ṣẹ́jú pẹrẹpẹrẹ, tàbí tó kú láàárín oṣù díẹ̀, tí wọ́n sì parí èrò sí pé irọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa LED. Kì í ṣe irọ́. Gílóòbù nìkan ni wọ́n wò, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lẹ́yìn gílóòbù náà, lókè àjà níbi tí ojú kò dé, ni ó ń pinnu irú èyí tí ẹ lè rà àti bóyá iṣẹ́ náà jẹ́ èyí tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe.

Gílóòbù halogen jẹ́ ọmọ ìyá gílóòbù àtijọ́ tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ tó máa ń pọ́n yòò nígbà tí iná bá dé bá a. Tungsten ni wọ́n fi ń ṣe irin náà. Nínú gílóòbù àtijọ́, díẹ̀díẹ̀ ni tungsten yìí ń fò kúrò lára irin, tó ń lọ lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tí gíláàsì á máa dúdú, tí irin á máa tín-ín-rín títí yóò fi já. Ní ọdún 1959, Elmer Fridrich àti Emmett Wiley, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí gílóòbù kan tí wọ́n fi gáàsì iodine díẹ̀ sínú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní halogen. Gáàsì yìí a máa mú tungsten tó ti fò kúrò, a sì máa dá a padà sórí irin. Nítorí náà, irin náà lè gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láìtètè já, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì funfun díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde kò yí padà: irin ni ó ṣì gbọ́dọ̀ gbóná, ooru rẹ̀ sì lé ní 2,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ìdá 9 nínú ìdá 10 iná tí ó ń jẹ ló ń di ooru. Ẹni tó ń lò ó dà bí ẹni tó dáná igi ńlá sílẹ̀ nínú yàrá nítorí kí ó lè ríran: ìmọ́lẹ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ ooru ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń náwó lé lórí.

LED kò ní irin tó ń pọ́n. Ègé kékeré kan tí wọ́n fi èròjà semiconductor ṣe ló wà nínú rẹ̀, èyí tí ó máa ń tú ìmọ́lẹ̀ jáde nígbà tí iná mànàmáná bá gba inú rẹ̀ kọjá. Nick Holonyak ṣe LED tó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa ní ọdún 1962, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn onímọ̀ tó rí èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ búlúù dáadáa, bẹ́ẹ̀ láìsí búlúù, kò sí bí a ṣe lè rí ìmọ́lẹ̀ funfun tí a lè fi sínú ilé. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, tí wọ́n bí ní Japan, gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 2014 nítorí iṣẹ́ yìí. LED funfun tó wà lọ́jà lónìí jẹ́ LED búlúù tí wọ́n fi èròjà aláwọ̀ ìyeyè bò lójú, tí àwọ̀ méjèèjì sì ń dàpọ̀ di funfun. Nígbà tí ó jẹ́ pé wáàtì kan iná halogen kì í sábà mú ju lumen 20 jáde, wáàtì kan LED lè mú 80, 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde. Lumen ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó jáde, wáàtì sì ni òṣùwọ̀n iná tó wọlé. Àwọn tó ń fi wáàtì wá ìmọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dé ọjà ni ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń dà láàmú jù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò owó rẹ̀. Gílóòbù halogen mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 50 jẹ́ wáàtì 300 lápapọ̀. Bí wọ́n bá ń tàn fún wákàtí 2 lójúmọ́, èyí tí kò pọ̀ rárá nínú ilé tí òbí méjì àti ọmọ mẹ́ta ti ń wẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, yúníìtì 219 ni wọ́n máa jẹ lọ́dún. Bí a bá fi pẹ́ńsì 25 ṣe owó yúníìtì kan, owó rẹ̀ jẹ́ £54.75. LED mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 5 máa jẹ nǹkan bí yúníìtì 22 láàárín àkókò kan náà, owó rẹ̀ kò sì pé £6. Nǹkan bí £49 ló ṣẹ́kù sápò lọ́dún, nínú balùwẹ̀ kan ṣoṣo, kí a má tíì sọ ti ilé ìdáná, níbi tí irú iná kan náà sábà máa ń wà, tí ó sì ń tàn pẹ́ ju ti balùwẹ̀ lọ. Níbi tí kò bá sí ohun mìíràn láti yí padà ju gílóòbù lọ, owó tí ẹ fi ra LED náà yóò ti padà kí ọdún tó yí po.

Òfin pẹ̀lú ti ti ọ̀rọ̀ náà síwájú. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fòpin sí títa gílóòbù halogen tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dojú kọ ibì kan ṣoṣo, tó sì ń lo iná ilé tààrà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n sì fòpin sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tànmọ́lẹ̀ káàkiri ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òun náà yóò fòpin sí títa gílóòbù halogen láti oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Kò sí òfin tó ní kí ẹ yọ èyí tó ti wà lára àjà yín. Àmọ́ bí ó bá jó, èyí tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀ ń ṣọ̀wọ́n sí i, nítorí náà ó dára kí ẹ ti múra sílẹ̀ kí ó tó di alẹ́ tí balùwẹ̀ máa ṣókùnkùn lójijì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká gòkè àjà. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ pa iná náà láti inú àpótí fíúsì ilé. Ẹ má ṣe gbára lé okùn tí ẹ ń fà láti pa iná balùwẹ̀, nítorí okùn yẹn kò sọ fún yín bóyá iná ṣì wà nínú wáyà mìíràn tó bá ti balùwẹ̀ rìn, pàápàá bí fáànù tó ń fa oru jáde bá wà nínú yàrá náà. Ẹ jẹ́ kí gílóòbù halogen tutù dáadáa, torí ó lè bó ni lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ̀kan, kí ẹ sì wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá kúrú, tí wọ́n sì nípọn, tí orí wọn rí roboto bí orí ìṣó, tí ẹ sì ní láti yí i díẹ̀ kí ó tó jáde, GU10 nìyẹn. Àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì jẹ́ mìlímítà 10. Iná ilé tó jẹ́ fólítì 230 ló ń wọ inú rẹ̀ tààrà. Bí ó bá jẹ́ GU10, iṣẹ́ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí: ẹ ra LED GU10, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ yí i, ó parí. Ohun tó kù láti rò ni àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ omi àti ooru, èyí tí mo máa dé orí wọn láìpẹ́.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ tó nípọn díẹ̀, tí ẹ kàn fà á jáde láìyí i, tí àlàfo àárín wọn sì jẹ́ mìlímítà 5.3, GU5.3 ni ẹsẹ̀ yìí, MR16 sì ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ gílóòbù náà sí. Ojú rẹ̀ àti ojú GU10 fẹ̀ bákan náà, nǹkan bí mìlímítà 50, ìdí nìyí tí ẹni tó dúró nísàlẹ̀ kò fi lè mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà: fólítì 12 ni èyí ń lò. Ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní tíráńsífọ́mà wà lókè àjà tó ń sọ fólítì 230 di 12, inú ẹ̀rọ yìí sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣòro tí àwọn ènìyàn ń ní pẹ̀lú LED ti ń wá.

Oríṣi tíráńsífọ́mà méjì ló wọ́pọ̀. Ti àtijọ́ wúwo, wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ irin ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ìwọ̀n ẹrù (ìyẹn iye iná tí gílóòbù ń fà lára rẹ̀) tó kéré jù fún un. LED sábà máa ń tàn dáadáa lórí rẹ̀. Oríṣi kejì fúyẹ́, ó kéré, ike ni ara rẹ̀, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn balùwẹ̀ tí mò ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Bí ẹ bá ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ lè rí “20-60VA” tàbí “35-105W”; VA àti W (wáàtì) ni wọ́n fi ń wọn ẹrù yìí. Nọ́ńbà kejì ni ẹrù tó pọ̀ jù lọ tó lè gbé, ìyẹn yé gbogbo ènìyàn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni wọn kì í kà: òun ni ẹrù tó kéré jù tí ẹ̀rọ náà nílò kí ó tó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Gílóòbù halogen wáàtì 50 wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì. LED wáàtì 5 kò tó ìdá mẹ́ta ohun tí ẹ̀rọ náà ń retí. Tíráńsífọ́mà náà á wá máa tan, á máa kú, á tún tan, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tí ẹ sì rí nísàlẹ̀ ni iná tó ń ṣẹ́jú, tàbí tó pẹ́ kó tó tàn, tàbí tí kò tàn rárá. LED yín kò bàjẹ́. Ẹni tó dá a padà sí ilé ìtajà, tó gba òmíràn, yóò tún bá ohun kan náà pàdé.

Àwọn kan ti rí i pé bí tíráńsífọ́mà kan bá ń pín iná fún gílóòbù bíi mẹ́ta, tí wọ́n sì fi halogen kan sílẹ̀ láàárín LED méjì, gbogbo rẹ̀ á tàn láìṣẹ́jú. Òótọ́ ni, nítorí halogen kan yẹn ti gbé ẹrù tó tíráńsífọ́mà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí halogen yẹn bá jó ni gbogbo yòókù máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ẹ sì ṣì ń sanwó ooru tí ẹ fẹ́ sá fún.

Ọ̀nà méjì ló wà tó dára jù ìyẹn lọ. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n yọ tíráńsífọ́mà àtijọ́, kí wọ́n sì fi LED driver fólítì 12 sí ipò rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún LED, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrù kékeré. Èyí dára níbi tí iná bá wà ní tòsí omi gan-an, tí ẹ sì fẹ́ kí fólítì 12 ṣì wà níbẹ̀. Èkejì ni kí wọ́n yọ tíráńsífọ́mà kúrò pátápátá, kí wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ di GU10. Èmi fara mọ́ èkejì yìí fún ọ̀pọ̀ balùwẹ̀, nítorí bí ohun tó wà lókè àjà bá ṣe kéré tó ni ohun tó lè bàjẹ́ níbẹ̀ ṣe máa kéré tó, LED GU10 sì pọ̀ lọ́jà ju MR16 lọ. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ kí a kàn so wáyà pọ̀. Ilé gílóòbù tí wọ́n ṣe fún fólítì 12 lè máà ní wáyà ilẹ̀ tó ń dáàbò bo ènìyàn bí irin ara rẹ̀ bá gba iná, wáyà tó sì wà láàárín tíráńsífọ́mà àti gílóòbù lè máà jẹ́ irú èyí tí ó tọ́ sí fólítì 230. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo ilé gílóòbù náà ni wọ́n máa pààrọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi fólítì 230 sí ihò tí ẹlòmíràn yóò wá ki gílóòbù fólítì 12 sí lọ́la, ewu ni ó gbé sílẹ̀ dè é.

Àwọn balùwẹ̀ kan wà tí iná wọn kì í ṣe GU10 tàbí MR16, pàápàá iná tó wà lórí dígí. Gílóòbù wọn kéré bí èékánná, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rí bí okùn irin. Bí ó bá jẹ́ G9, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 9, iná ilé ló ń lò. Bí ó bá jẹ́ G4, tó jẹ́ mìlímítà 4, fólítì 12 ni, ọ̀rọ̀ tíráńsífọ́mà sì tún dé. LED G9 sábà máa ń tóbi díẹ̀ ju halogen lọ, nítorí náà ẹ wọn àyè tó wà nínú gíláàsì tó bò ó kí ẹ tó rà á.

Ọ̀rọ̀ omi ló mú kí balùwẹ̀ yàtọ̀ sí yàrá mìíràn. Ìlànà iná mànàmáná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ BS 7671, pín balùwẹ̀ sí agbègbè. Inú ọpọ́n ìwẹ̀ tàbí ibi tí omi ṣáwà ń dà sí ni agbègbè 0. Fólítì 12 ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ohun èlò náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ IPX7 (IP ni òṣùwọ̀n bí ohun èlò ṣe ń dènà eruku àti omi), èyí tí omi kò lè wọ̀ bí ó tilẹ̀ rì sómi fún ìgbà díẹ̀. Òkè ọpọ́n ìwẹ̀ tàbí ṣáwà títí dé gíga mítà 2.25 láti ilẹ̀ ni agbègbè 1. Agbègbè 2 gba mítà 0.6 sí ẹ̀gbẹ́ agbègbè 1, gíga kan náà ni wọ́n sì ní. Nínú méjèèjì yìí, IPX4 ni ó kéré jù, ìyẹn èyí tí omi tó ń ta sí i láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo kò lè wọ̀. Ìlànà náà tún béèrè pé kí iná balùwẹ̀ wà lábẹ́ ààbò RCD tó ń gé iná bí 30 milliampere bá ń sá lọ sí ibi tí kò yẹ.

Àjà ọ̀pọ̀ ilé ga tó mítà 2.4, nítorí náà iná tó wà lórí ṣáwà lè wà lókè agbègbè 1, kí ó má sì sí lábẹ́ òfin IPX4. Síbẹ̀, oru omi gbígbóná kò mọ ààlà agbègbè. Ó ń gòkè, ó sì ń wọ ibi gbogbo tó bá ṣí sílẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná fi ń fi ilé gílóòbù IP65, tí eruku àti omi tó ń tú sí i kò lè wọ̀, sí gbogbo àjà balùwẹ̀, mo sì rò pé wọ́n ṣe dáadáa. Ohun kan wà níhìn-ín tí ó ṣe pàtàkì púpọ̀: nọ́ńbà IP yìí jẹ́ ti ilé gílóòbù, pẹ̀lú gíláàsì àti rọ́bà tó dí ojú rẹ̀, kì í ṣe ti gílóòbù. Bí ẹ bá yọ gíláàsì iwájú kí LED tuntun lè wọlé dáadáa, tí ẹ kò sì dá a padà, tàbí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó, ààbò náà ti lọ, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí gílóòbù.

Gíláàsì kan náà yìí ló tún fa ọ̀rọ̀ ooru. LED kì í gbóná bíi halogen, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn ooru rárá. Àwọn èròjà kéékèèké tó ń sọ iná ilé di irú èyí tí LED lè lò wà ní ìdí rẹ̀, ooru tó há mọ́ inú ilé gílóòbù tí wọ́n dí pa a sì máa tètè pa wọ́n. Bí páálí bá sọ pé LED náà máa lo wákàtí 15,000, tí ó jẹ́ ohun tó lé ní ogún ọdún bí ẹ bá ń tàn án fún wákàtí 2 lójúmọ́, àfẹ́fẹ́ tó tó ni wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó ṣeé lò nínú ilé gílóòbù tí wọ́n dí. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ mú èyí tí wáàtì rẹ̀ kéré. Àwọn ilé gílóòbù kan wà tí LED wọn kò ṣeé yọ. Wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n sì máa ń dáàbò bo ara wọn dáadáa, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá kú, gbogbo rẹ̀ ni ẹ máa pààrọ̀, oníṣẹ́ iná sì ni ẹ máa pè. Nítorí ìdí yìí, mo fẹ́ràn èyí tí ènìyàn lè yọ gílóòbù rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lókè àjà kan náà, ọ̀pọ̀ ilé ní òwú tí wọ́n tẹ́ kí òtútù má baà wọlé. Ní àkókò halogen, wọ́n máa ń tì í sẹ́yìn kúrò lára gílóòbù kí iná má baà ràn mọ́ ọn, òtútù á sì máa gba àlàfo náà wọlé. MR16 burú nínú èyí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe kí ìmọ́lẹ̀ lọ síwájú, kí ooru sì gba ẹ̀yìn jáde sókè àjà. LED dín ewu yìí kù gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má kàn fa òwú náà bo ilé gílóòbù; ìwé tó bá ilé gílóòbù wá ni yóò sọ bóyá ó ṣeé bò. Bí ó bá sì jẹ́ fúláàtì ni ẹ ń gbé, tí àwọn mìíràn wà lókè yín, ilé gílóòbù tí wọ́n ń pè ní fire-rated ni kí wọ́n lò: bí ìjàǹbá iná bá ṣẹlẹ̀, èròjà inú rẹ̀ a wú, a sì dí ihò tí wọ́n lu sínú àjà.

Lórí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ wo lumen. LED GU10 tí wọ́n kọ nǹkan bí lumen 350 sí lára ló máa ń rọ́pò halogen GU10 wáàtì 50. Ṣùgbọ́n halogen MR16 wáàtì 50 mọ́lẹ̀ ju GU10 wáàtì 50 lọ, nítorí náà ẹni tó ń kúrò nínú fólítì 12 gbọ́dọ̀ wá èyí tó lé ní lumen 500, bí kò bá fẹ́ kí balùwẹ̀ rẹ̀ ṣú. Ẹ tún wo bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe tàn kálẹ̀ tó. Dígírì 36 tàbí 38 ni ti ọ̀pọ̀ halogen, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ṣe róbótó nílẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ ògiri sì ṣókùnkùn. Dígírì 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń tẹ́ balùwẹ̀ lọ́rùn jù.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi Kelvin wọ̀n. Halogen wà ní nǹkan bí 2,800 sí 3,000, èyí tó rọ ojú. LED 2700K sún mọ́ ọn, 4000K funfun, 6500K sì funfun débi tó fi ń yọ búlúù, bí irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Nàìjíríà. Fún balùwẹ̀, èmi yóò mú 3000K tàbí 4000K. Ohun tí mo fẹ́ kí àwa aláwọ̀ dúdú kíyè sí ju èyí lọ ni CRI, òṣùwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fi àwọ̀ nǹkan hàn bó ṣe rí. Halogen fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 100. Ọ̀pọ̀ LED jẹ́ 80, ó sì yẹ kí ẹ wá 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọ̀ mẹ́jọ tí kò ki ni wọ́n fi ń ṣírò CRI, pupa rírẹ̀ dòdò, tí wọ́n ń pè ní R9, kò sì sí lára wọn, bẹ́ẹ̀ pupa yìí ló ń gbé ẹwà awọ ara wa yọ. Níwájú LED tí R9 rẹ̀ kò dára, awọ ara máa ń rí bí eérú, ẹni tó ń tọ́jú ojú rẹ̀ lè kun àtíkè tí kò bá a mu, ẹni tó ń fá irùngbọ̀n sì lè máà rí ibi tí abẹ ti mú ara rẹ̀ pọ́n. Bí ilé iṣẹ́ kan bá kọ iye R9 sára páálí rẹ̀, ó jẹ́ àmì pé wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Bí súwíìṣì yín bá jẹ́ èyí tí à ń yí láti dín ìmọ́lẹ̀ kù, ẹ ra LED tí wọ́n kọ “dimmable” sí lára, kí ẹ sì mọ̀ pé súwíìṣì tí wọ́n ṣe fún halogen náà ní ẹrù tó kéré jù, ó sì lè jẹ́ pé ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń rí i pé LED wọn ṣì ń tàn fírífírí lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á. Iná díẹ̀ tó ń ti inú wáyà kan kọjá sí òmíràn tó bá a rìn pọ̀ nínú ògiri ló ń fa èyí. Halogen kò lè fi hàn, torí kò tó o láti pọ́n, ṣùgbọ́n ó tó LED. Oníṣẹ́ iná lè fi ohun èlò kékeré kan sí i tí yóò gbé e mì.

Ní England, láti oṣù kẹrin ọdún 2013, òfin ilé kíkọ́ tí wọ́n ń pè ní Part P ní kí wọ́n sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fi wáyà tuntun kún tàbí tún ìrìn wáyà ṣe ní agbègbè ọpọ́n ìwẹ̀ tàbí ṣáwà. Oníṣẹ́ iná tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ètò ìjọba lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, yóò sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Pípààrọ̀ gílóòbù kò gba ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Scotland àti Northern Ireland ní òfin tiwọn. Ayálégbé lè pààrọ̀ gílóòbù GU10, kí ó sì tọ́jú halogen tó yọ títí di ọjọ́ tí yóò kó jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tíráńsífọ́mà jẹ́ ti onílé. Bí ẹ bá sọ fún un pé LED máa ń mú kí EPC ilé rẹ̀, ìyẹn ìwé tó ń fi bí ilé ṣe ń lo iná tó hàn, dára sí i, ó lè tètè gbọ́.

Kí ẹni tó bá fẹ́ kó LED ránṣẹ́ sílé mọ̀ pé GU10 tí ẹ rà ní London máa ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, nítorí irú fólítì kan náà ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ẹ wá èyí tí wọ́n kọ ìwọ̀n fólítì tó fẹ̀ sí lára, nítorí iná tó ń lọ sókè sódò. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Fólítì 120 ni tiwọn, gílóòbù tí wọ́n ṣe fún ibẹ̀ nìkan kò ní lè fara da 230. Ní ti àwọn tí ẹ yọ, gílóòbù halogen lè lọ sínú pàǹtírí ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú bébà tí ẹ wé mọ́ ọn. LED tó ti kú àti tíráńsífọ́mà kò gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ẹ kó wọn lọ sí ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ń gba ohun èlò iná mànàmáná, tàbí sí àpótí tí ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ńlá gbé sí ẹnu ọ̀nà wọn.